Lẹ́yìn ìjì ní agboolé àwọn àgbà: ìtọ́sọ́nà fún àwa ará Kétu

Agboolé pọ̀ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ẹni tó kéré jù níbẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn ọmọ wà ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́, ní Èkó. Àwọn tó ṣẹ́ kù sílé ni bàbá, màmá, àti àwọn aládùúgbò tí wọ́n jọ ń darúgbó. Bí ìjì bá jà ní irú ibẹ̀, ẹni tó yẹ kí a gbà là ni yóò máa gba ẹnìkejì rẹ̀ là, nítorí ọ̀dọ́ kò sí nítòsí. Àwọn ni mo kọ èyí fún, àwọn àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa wọkọ̀ dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́ àti ìbéèrè rẹpẹtẹ lẹ́nu.

Ìjì tiwa mọ àkókò rẹ̀. Ó máa ń jà nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, láti Ẹrẹ́nà títí dé Èbìbí, ó sì tún máa ń yọjú nígbà tí òjò kejì bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ìhà ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá: ojú ọ̀run á ṣú dùdù, eruku á dìde, atẹ́gùn á fẹ́ tààrà, òjò á sì já lé e lórí. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pe èyí ní tornade, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Amẹ́ríkà tó ń yí bí ààjà. Irú ti ọ̀hún le ju tiwa lọ. Ní Flọ́rídà, ní òru 2 Èrèlé 2007, ó pa ènìyàn 21, ó sì ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé jẹ́ ní The Villages, ìlú ńlá kan tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Púpọ̀ nínú àwọn tó kú ló wà nínú ilé fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ fà wá gbé kalẹ̀. Tiwa kì í sábà pa tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé tí wọn kò dè mọ́ ògiri, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já sí lọ́hùn-ún àti níbí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ ni pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìjì fi ń jà, ọjọ́ tó tẹ̀lé e ló ń pa àgbà. Ògiri tó rẹ ń wó lọ́jọ́ kẹta. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá àgbàrá lọ, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè rẹ̀. Ìyá àgbà dìde lóru láti tọ̀ ní yàrá tí kò mọ̀, ó ṣubú, ìbàdí rẹ̀ kán. Nítorí náà, ètò tí a máa tẹ̀ lé yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti orí páànù.

1. Wákàtí àkọ́kọ́: ẹ ka orí ènìyàn kí ẹ tó ka páànù

Ẹ má sáré jáde bí atẹ́gùn bá dákẹ́ díẹ̀. Ó lè tún gbé ọwọ́ kejì dìde. Bí ó bá ti kọjá lóòótọ́, bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ìṣó tó tú kúrò lára páànù pọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì lè gún ẹsẹ̀ àgbà tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà kó má mọ̀. Tọ́ọ̀ṣì tàbí iná fóònù ni kí ẹ tàn. Ẹ má ṣá ìṣáná nínú ilé tó ní ìgò gáàsì títí ẹ ó fi mọ̀ pé kò jò.

Wáyà iná tó já sílẹ̀, ẹ kà á sí wáyà tó ní iná nínú, kódà bí gbogbo ìlú bá ṣókùnkùn. SBEE, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, lè tan iná padà nígbàkigbà láìmọ̀ pé wáyà yín wà nínú omi. Ẹ jìnnà sí i tó mítà 10, ẹ fi igi dínà síbẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gbà á kọjá, kí ẹ sì pe SBEE. Páànù tó ṣubú lé wáyà, òun náà ti di wáyà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kà wọ́n. Ẹ má ṣe béèrè pé "ṣé gbogbo yín wà?", ẹ pè wọ́n lórúkọ, yàrá sí yàrá. Ẹni tí etí rẹ̀ ti wúwo kò ní dáhùn. Ẹ wọlé lọ bá a bí ògiri yàrá rẹ̀ bá ṣì dúró dáadáa, kí ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ wo abẹ́ ibùsùn, ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, ilé ìgbẹ́. Ilé tí ẹ bá ti yẹ̀ wò, ẹ fi ẹfun tàbí èédú sàmì sí ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa fi àkókò ṣòfò níbẹ̀. Àwọn panápaná ni kí ẹ pè lórí 118 bí ẹnìkan bá wà lábẹ́ àwókù. Ẹ sọ orúkọ àdúgbò àti ohun tó hàn gbangba nítòsí: mọ́ṣáláṣí, ilé ìwé, Àkàbà Ìdéǹà.

Ẹni tó bá há sábẹ́ ògiri, ojú àti àyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú sílẹ̀ kí ó lè mí. Bí ẹrù bá ti tẹ ẹsẹ̀ tàbí itan rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe ilé ìwòsàn lórí fóònù kí ẹ tó gbé ẹrù náà kúrò. Ẹran ara tí wọ́n ti tẹ̀ pẹ́ máa ń tú májèlé sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá ṣàdédé tú u sílẹ̀, ọkàn àgbà kì í sì í gbà á. Kí ẹnìkan jókòó tì í, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀, kí ó fi aṣọ gbígbẹ bò ó.

Ọ̀rọ̀ ìbàdí gba àlàyé. Bí àgbà bá ṣubú, tí kò lè dìde, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì: bí ọ̀kan bá kúrú ju èkejì lọ, tí ẹsẹ̀ náà sì yí síta, ìbàdí ló kán. Ẹ má gbé e dúró. Ẹ má fi í sáàárín ènìyàn méjì lórí zémi, alùpùpù akérò, bí a ṣe máa ń ṣe. Mo mọ̀ pé zémi ló ń yá jù, ṣùgbọ́n ọ̀nà Kétu ní ihò. Ìlẹ̀kùn tí ìjì ti yọ kúrò ni kí ẹ tẹ́ ẹ lé, kí ènìyàn mẹ́rin gbé e, kí ẹ fi aṣọ dì í mọ́ ọn, kí ẹ sì wá ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn kan yóò ní kí a lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn egungun ní tààrà. Èmi kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ìbàdí ẹni ọgọ́rin ọdún kì í ṣe apá ọmọdé tó jábọ́ lórí máńgòrò: ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò egungun ní ilé ìwòsàn ná.

Ẹ máa rántí pé àgbà kì í sọ pé òun ń jẹ̀rora. "Kò sí nǹkan, ẹ lọ wo àwọn yòókù" ni wọn ó máa wí. Ẹ ní kí wọ́n rìn díẹ̀ fún yín, kí wọ́n gbé apá méjèèjì sókè, kí wọ́n di ọwọ́ yín mú. Ẹni tí nǹkan bá gbá lórí, tó sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, dókítà gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

2. Kí ilẹ̀ tó ṣú

Òtútù ń pa àgbà, kódà ní ilẹ̀ olóoru. Ẹni tí òjò pa fún wákàtí kan, tó jókòó nínú aṣọ tútù sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ara rẹ̀ lè tutù débi pé ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ aṣọ, ẹ da aṣọ bo orí, ẹ fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná.

Kí ẹ wá àwọn ohun kékeré tó ń mú kí àgbà jẹ́ ara rẹ̀: awò ojú, eyín àtọwọ́dá, ọ̀pá ìtìlẹ̀, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún ẹni tó ní i. Ẹni tí kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn nínú òkùnkùn, ọkàn rẹ̀ lè dàrú kí ilẹ̀ tó mọ́: á máa pe òkú, á máa béèrè ọ̀nà ilé nígbà tó wà nílé. Ẹ má sọ pé ogbó ni. Bí ìdàrúdàpọ̀ náà bá dé lójijì, àìsàn ni. Ó lè jẹ́ àìmu omi tó, ibà, ẹ̀jẹ̀ inú orí, tàbí oògùn tí wọn kò lò. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Oògùn wá ńkọ́? Ẹ kó gbogbo páálí àti ìgò tí ẹ rí jọ, kódà èyí tó ti rẹ, kí ẹ fi mọ orúkọ rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ lò ó. Ẹ ya fọ́tò ìwé ìlera wọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ kan tó wà lọ́nà jíjìn. Fóònù àgbà lè bá omi lọ, fọ́tò á ṣì wà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, ti wárápá àti ti ọkàn kò gbọdọ̀ dúró fún ọjọ́ méjì. Ilé oògùn ni kí ẹ ti rà á, ẹ má lọ sórí àpatẹ ọjà. Ínsúlínì tí wọn kò tíì ṣí ń fẹ́ fìríìjì. Èyí tí wọ́n ti ń lò lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru kò bá kọjá 30°C. Níbi tí iná kò sí, ìkòkò amọ̀ méjì tí a ki ọ̀kan bọ inú èkejì, tí a fi iyanrìn tútù há àárín wọn, tí a sì fi aṣọ tútù bò, máa ń mú un tutù. Inú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀ ni kí ínsúlínì wà.

Ibi tí wọ́n máa sùn: ẹ má tú àwọn tó ti jọ ń gbé ká. Màmá méjì tí wọ́n ti ń kí ara wọn lárọ̀ọ́ láti ogójì ọdún, inú yàrá kan náà ni kí ẹ fi wọ́n sí, bó tilẹ̀ há díẹ̀. Ẹ gbé póò sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ẹ fi àtùpà kékeré sílẹ̀ títí di òwúrọ̀, ẹ sì kó àpò àti àgbá kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, nítorí gbogbo ike tó fọ́ á gbomi dúró.

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń pa ni nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn, ẹni tó ń sùn kì í sì í jí. Mítà 6 ó kéré tán sí ilé. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Omi kànga tí àgbàrá wọ̀, ẹ sè é kí ó hó tó ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó mu ún. Ẹni tó bá ní Aquatabs, oògùn oníhóró tí a fi ń pa kòkòrò inú omi, kí ó ka iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀, nítorí oríṣi rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

3. Ògiri: ibi tí ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rù jù

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀. Páànù tó fò lọ máa ń pariwo, gbogbo ayé á rí i, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Ògiri tó rẹ kì í sọ nǹkan kan.

Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Nígbà tí òrùlé bá ṣí, orí ògiri ni omi ń gbà wọlé, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ láàárín amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì. Lójú, ara rẹ̀ gbẹ, ó le. Inú rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Sìmẹ́ǹtì náà kò sì jẹ́ kí omi jáde. Lọ́jọ́ kejì oòrùn á ràn, ẹ̀rù á kúrò lára gbogbo ènìyàn, bàbá á gbé àga rẹ̀ padà sí ibi tó máa ń jókòó sí, tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Láti ìta ni, kì í ṣe láti inú. Ẹ yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri, ibi tí omi tó ń ta láti ilẹ̀ ti ń jẹ ẹ́: ṣé ó ti wú síta? Ẹ wo igun ilé: ṣé ògiri méjì ṣì di ara wọn mú, tàbí wọ́n ti yà? Ibi tó là, ṣé ó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ? Èyí túmọ̀ sí pé ògiri ti ń dà síta. Ìlẹ̀kùn tó ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ lánàá tó wá há lónìí, ògiri ló ti yí padà. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀pá gígùn kan ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́: bí ó bá dún bí ohun tó ṣófo, sìmẹ́ǹtì ti yà kúrò lára amọ̀.

Ibi tó là tí ẹ kò mọ̀ bóyá ó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ lẹ ìwé pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ìwé náà bá ya, ògiri ṣì ń rìn. Àwọn àgbà fúnra wọn mọ èyí tó ti wà. Ẹ bi wọ́n, wọ́n lè sọ ọdún tó là fún yín.

Títí ẹ ó fi dá a lójú, kí ẹnikẹ́ni má sùn, má jókòó, má sì dáná sí ibi tí ògiri náà lè wó dé. Bí ògiri bá ga ní mítà 3, mítà 4 ni kí ẹ sún sẹ́yìn, ní tinú-tòde. Kí ẹ so okùn tàbí kí ẹ fi ẹ̀ka igi dínà. Ewúrẹ́ pàápàá, ẹ lé e kúrò, nítorí màmá yóò tẹ̀ lé ewúrẹ́ rẹ̀ wọ ibẹ̀.

Igun onígun mẹ́ta tó wà lókè ògiri, tí òrùlé máa ń fara tì, òun ló sábà ń kọ́kọ́ wó, nítorí kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Ẹ wó o sílẹ̀ fúnra yín kí ó tó wó lù yín: kí mọlémọlé tó mọṣẹ́ fi ọ̀pá gígùn tì í láti ọ̀nà jíjìn, láti òkè wá sílẹ̀, kí ẹnìkan ṣoṣo máa pàṣẹ. Ẹ má gun orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré wó gbogbo ilé. Mo ti gbọ́ káfíńtà àti mọlémọlé tí wọ́n ń sọ fún opó pé amọ̀ ti tán láyé, pé kí ó wó o kí ó sì ra búlọ́ọ̀kù. Owó ni wọ́n ń wá. Ògiri amọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán, tí orí rẹ̀ nìkan rẹ, máa ń yè bí ẹ bá tètè bo orí rẹ̀. Ẹ ta tapólì tàbí ọ̀rá dúdú lé e lórí, kí ó sọ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ fi okùn dè é mọ́ èèkàn ilẹ̀ tàbí àpò iyanrìn tó wà nílẹ̀. Ẹ má gbé òkúta lé orí ògiri láti fi tẹ ọ̀rá. Òkúta náà ni yóò jábọ́ lu ẹni. Ẹ la ojú omi kéékèèké kí àgbàrá má bàa dúró ní ìdí ilé. Ibi tí sìmẹ́ǹtì ti yà, ẹ ṣí i kúrò kí amọ̀ lè mí. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó gbẹ dénú. Kò sí ohun tó burú tó pé kí wọ́n kan òrùlé tuntun lé ògiri tó ṣì rọ̀, tàbí kí wọ́n tún fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kí ilé lè "dùn ún wò".

4. Ẹrù, ìwé àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé

Ẹ má kó ohunkóhun dànù láìbi ẹni tó ni ín. Ohun tí ọmọ Kútọnu rí bí àkísà lè jẹ́ aṣọ ìgbéyàwó. Ẹ tẹ́ ẹní síta, kí àgbà jókòó lórí àga lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ máa gbé nǹkan wá síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ: fi pamọ́, sá a, jù ú nù. Ó máa ń falẹ̀, ó sì lè mú inú ọ̀dọ́ ru, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ṣí lójú rẹ̀ nílò pé kí ọ̀rọ̀ kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Yàrá mìíràn wà tí a kì í dédé wọ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO fi sí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2008, kì í ṣe ohun àwòrán lásán nílùú wa. Igi tí wọ́n gbẹ́ fún un wà ní ilé àwọn kan, àwọn ojúbọ náà sì wà. Ẹ pe ẹni tó ni ín tàbí olórí ẹgbẹ́ kí ó wọlé, bí ògiri bá gbà á láyè. Igi gbígbẹ́ tó rẹ, abẹ́ ibòòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí ẹ gbé e sí. Oòrùn á là á sí méjì, á sì bó ọ̀dà rẹ̀.

Ìwé ni kí ẹ wá kí ẹ tó wá tẹlifíṣọ̀n: káàdì ìdánimọ̀, ìwé ilẹ̀, ìwé ìbí, ìwé owó ìfẹ̀yìntì. Ìwé tó rẹ, ẹ má ṣí i tipátipá. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ láàárín aṣọ gbígbẹ, ẹ pààrọ̀ aṣọ náà títí yóò fi gbẹ. Káàdì tó sọnù kò tó ohun tí a ń sunkún sí: ẹni tó ti wà nínú àkọsílẹ̀ ANIP, àjọ ìdánimọ̀ ti ìjọba, lè gba òmíràn. Owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba, FNRB ló ń san án. Ti àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni, CNSS ni. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ bá rí lórí ìwé náà sí ibi méjì.

5. Ìròyìn fún ìjọba, àti owó ẹbí

Kí ẹ tó gbá ilẹ̀, ẹ ya fọ́tò: ilé láti iwájú, láti ẹ̀yìn, yàrá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú onílé nínú ọ̀kan lára wọn. Olórí àdúgbò ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ bá, kí ó kọ orúkọ àwọn tí àjálù bá. Òun ló ń fi ránṣẹ́ sí arrondissement, tí ó fi ń dé ọ́fíìsì mẹ́ẹ̀yọ̀. Ẹ rí i pé orúkọ àgbà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí káàdì rẹ̀, kì í ṣe "Ìyá Ìbejì". Ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ ló ń padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí orúkọ tí kò bá ara mu.

Ti owó ẹbí, mo máa sọ ọ́ ṣókí: kí ẹnìkan ṣoṣo gbà á, kí ẹlòmíràn kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì máà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Kí wọ́n fi ìwé ìnáwó hàn gbogbo ẹbí lórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi owó páànù ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá, nítorí àwọn gbájúẹ̀ mọ àkókò ìjì. Wọ́n á pè é, wọ́n á ní láti ọ́fíìsì ìjọba ni àwọn ti ń pè, kí ó tẹ nọ́ńbà kan kí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ lè wọlé.

6. Òrùlé tuntun

Yàrá kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bò, yàrá tí ògiri rẹ̀ sàn jù, kí àgbà lè padà sùn nílé rẹ̀. Èyí tó kù lè dúró de owó.

Atẹ́gùn kì í tẹ páànù mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń fà á sókè. Nítorí náà ìbéèrè tí ẹ ó bi káfíńtà kì í ṣe "báwo ni páànù yìí ṣe nípọn tó?" nìkan, ẹ bi í pé, "kí ló di igi òrùlé mọ́ ògiri?" Bí ó bá dáhùn pé ìwúwo rẹ̀ ni, ẹ wá káfíńtà mìíràn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí wáyà nínípọn gbọ́dọ̀ wà nínú ògiri, tó wọlẹ̀ dáadáa, tó sì yí igi náà po. Lórí ilé búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì onírin tó yí orí ògiri ká ni kí irin náà ti jáde. Lórí amọ̀, ẹ gbé pákó gbọọrọ lé orí ògiri, kí wáyà gba abẹ́ ìlà amọ̀ mélòó kan kọjá, kí ó di pákó náà mú.

Ìṣó páànù olórí gbígbòòrò tó ní rọ́bà lábẹ́ ni kí wọ́n lò, kí wọ́n kàn án sí orí òkè páànù, kì í ṣe inú àfonífojì rẹ̀ tí omi ń gbà ṣàn. Ní etí òrùlé àti ní góńgó orí, kí ìṣó sún mọ́ra ju ti àárín lọ, nítorí etí ni atẹ́gùn ti ń kọ́kọ́ ráyè. Etí òrùlé tó gùn síta ju bó ṣe yẹ lọ ń bo ògiri lọ́wọ́ òjò, ó sì ń fún ìjì ní ibi ìdìmú. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá wà, ẹ ya òrùlé rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé. Bí ìjì bá gbé ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní fa ti yàrá lọ. Òrùlé onígun mẹ́rin tó dà sí ìhà gbogbo máa ń dúró ju onígun méjì lọ, ó kàn ń ná ni lówó díẹ̀ sí i.

Igi àtijọ́ tí ikán ti wọ̀, ẹ má lò ó. Ẹ fi ọ̀bẹ gún un. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́, igi ìdáná ni. Tíìkì wà lágbègbè wa, ó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju pákó funfun tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú.

7. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e

Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ á padà síbi iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ kí a mú màmá lọ sí Kútọnu" máa ń jáde. Nígbà mìíràn kò sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi ìbẹ̀rù ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pinnu ohun tó jẹ́ ti ìyókù ayé ẹni. Ní Kútọnu, màmá kò mọ àtẹ̀gùn, kò mọ aládùúgbò, kò mọ ibi tí a ti ń ra ata. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ lójoojúmọ́ á di ẹni tó ń wo ògiri. Bí ó bá gbọ́dọ̀ lọ, ẹ dá ọjọ́ tí ó máa padà, kí ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀ àti lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbé ìkòkò àti àga rẹ̀ dání. Bí ó bá kọ̀, ẹ wá ọ̀dọ́ kan ládùúgbò tí ẹ ó máa san owó fún kí ó máa yà sílé lárọ̀ọ́ àti lálẹ́.

Ohun tí ọ̀dọ́ náà yóò máa wò kò pọ̀: ṣé oògùn wà, ṣé ìwé tí a lẹ mọ́ ògiri ti ya, ṣé wọ́n jẹun, ṣé ọgbẹ́ ń jinná. Ẹni tí ìṣó gún, ilé ìwòsàn ni kí ó ti lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà kò gba ọ̀kankan láti ìgbà èwe wọn. Ọgbẹ́ tàbí kókó kan tí kì í dun ènìyàn, ṣùgbọ́n tó ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má fi ewé dì í. Àrùn Buruli wà ní agbègbè wa, ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ sì wà ní Pọ́bẹ̀. Bí wọ́n bá tètè dé ibẹ̀, oògùn nìkan lè tó, láìsí iṣẹ́ abẹ.